Boeing 737 MAX 9: bóòtù (bolt) mẹ́rin ni mo béèrè, ìjókòó ni wọ́n ń tà fún mi

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ orí fóònù ilé-iṣẹ́ bàálù kan sọ ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí. 7M9 ló wà lára ìwé ìrìn-àjò, ìyẹn 737 MAX 9. Mo ní kó bá mi wò ó bóyá èyí tí wọ́n fi ìdérí dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ó ní, "Màdáàmù, 737 kan náà ni gbogbo wọn, kò síyàtọ̀." Mo tún un béèrè, ó tún un sọ. Ó ní kí n dì í mú díẹ̀, ó fi orin sí mi létí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó padà dé, ó ní ìjókòó tó fẹ̀ sí i wà, ṣé kí òun fi kún owó mi?

Ìyàtọ̀ wà. Bàálù Lion Air tó já ní Indonesia lóṣù kẹwàá 2018, èèyàn 189 ló kú. Ti Ethiopian Airlines, lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹta 2019, pa 157, Pius Adesanmi, òǹkọ̀wé ọmọ Ìsánlú, wà nínú wọn. MAX 8 ni méjèèjì. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MCAS ló ń tẹ imú bàálù nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìwòye kan ṣoṣo, tó ń wọn igun tí bàálù fi kọjú sí afẹ́fẹ́, ló sì ń gbọ́ nígbà náà. Irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn pa fún un. Ta ló máa wá sọ fún ọmọ Yorùbá lẹ́yìn ìyẹn pé 737 kan náà ni gbogbo wọn?

Ti MAX 9, ìdérí ni. Lẹ́yìn apá bàálù, lọ́tùn-ún àti lósì, ihò wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn àjálù, fún àwọn tó bá fẹ́ to ìjókòó rẹpẹtẹ sínú rẹ̀. Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdérí ni wọ́n ń fi dí i. Nínú, fèrèsé lásán lẹ máa rí. Irin ìdènà méjìlá ló wà létí ìdérí náà, mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, wọ́n fara ti méjìlá mìíràn lára férémù. Afẹ́fẹ́ inú bàálù ń tì í síta, àwọn irin yẹn ń dá a dúró. Kò lè ṣí àfi tó bá kọ́kọ́ gbéra sókè tó kúrò lẹ́yìn wọn. Bóòtù mẹ́rin ni kì í jẹ́ kó gbéra, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀ nítòsí ìdè rẹ̀, a sì ń fi kọ́tà-pín há nọ́ọ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan kí gbígbọ̀n má baà tú u.

Ní ilé-iṣẹ́ Boeing ní Renton ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n rí rivet (ìṣó tó so irin pọ̀) márùn-ún tó bàjẹ́ lára ara bàálù tí Spirit AeroSystems, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ara bàálù náà fún Boeing, kó wá láti Wichita. Wọ́n ní láti ṣí ìdérí òsì kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀. Wọ́n tún rivet ṣe, wọ́n ti ìdérí padà, wọn kò dá bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n sì fi òwú àti pánẹ́ẹ̀lì bò ó. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣí i. Ibi tó dùn mí jù nìyí: tí kò bá sí lákọsílẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n máa ní kó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàálù yẹn ṣe ìrìn-àjò tó lé ní 150 bẹ́ẹ̀, tí ìdérí ń gbéra díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kìíní 2024, nínú Alaska Airlines 1282 tó gbéra ní Portland, ó fò yọ lókè nǹkan bí 14,800 ẹsẹ̀ bàtà, ní ìlà 26. Kò sẹ́ni tó jókòó sí 26A àti 26B. Ẹ̀yìnkùlé olùkọ́ kan ni ìdérí já sí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàálù náà ti dára. Ihò náà kò ya kọjá ibi tó wà. Ìbòmú ọ́síjìn já bọ́ bó ṣe yẹ, awakọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà ní Portland, èèyàn 177 sọ̀kalẹ̀ láàyè. Irin yẹn lágbára. Ẹ̀ǹjìnnì rẹ̀ náà kì í pariwo, báàgì sì ń dúró ní ìnàró nínú àpótí òkè orí.

Ọkùnrin kan wá pẹ̀tù sí mi nínú ní ẹnu géètì. Ohun tí mo béèrè lórí fóònù náà ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó fi ìka tọ nọ́ńbà tó wà nídìí ìrù bàálù náà, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ìdérí. Ìlà tí ó wà nìyí. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, Airbus A321 ń lọ ní wákàtí mẹ́ta sí i, a ò ní gba owó kankan." Ó dúró dè mí kí n ronú. Ó ṣàlàyé pé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Portland, FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, dá 171 irú bàálù yìí dúró, wọn kò sì jẹ́ kí èyíkéyìí fò títí wọ́n fi ṣí ìdérí rẹ̀ tí wọ́n fojú rí bóòtù. Bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn nìyẹn! Mo wọ MAX 9 náà.

Ẹ̀yin náà lè mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó. 7M8 ni MAX 8, 7M9 ni MAX 9. Lórí Flightradar24, ìkànnì tó ń tọpa bàálù, B38M àti B39M ni. Tí ẹ bá ti dé pápá, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ǹjìnnì, ó ní eyín bíi ti ayùn. Ṣóńṣó apá rẹ̀ là sí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Káàdì ààbò inú àpò ìjókòó máa ń kọ orúkọ bàálù. Ẹ má sì rò pé ẹ ti bọ́ tí ẹ bá rí 737-900ER: irú ìdérí kan náà ló ní, FAA sì gba àwọn tó ní in níyànjú lóṣù kìíní yẹn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Níbikíbi tí ẹ bá jókòó sí, ẹ má tú bẹ́líìtì nítorí pé iná àmì bẹ́líìtì ti kú.

Òṣìṣẹ́ orí fóònù: 1 nínú 5. Ọkùnrin ẹnu géètì: 5 nínú 5. Boeing 737 MAX 9: 4 nínú 5.