Ìgbà Ìrúwé ní Grasmere àti Rydal: Àgbéyẹ̀wò Ilé Wordsworth àti Pápá Òdòdó Dora

Ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òkùnkùn àti òtútù sì ti mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, òun ni mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún. Ibi tí mo fẹ́ kó lọ nígbà ìrúwé ni àgbègbè àwọn adágún omi tí wọ́n ń pè ní Lake District, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí akéwì William Wordsworth àti Dorothy, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn. Ibi mẹ́ta ló wà nínú àbẹ̀wò náà: ilé kékeré tí wọ́n ń pè ní Dove Cottage ní abúlé Grasmere, pẹ̀lú mùsíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pápá òdòdó kan ní abúlé Rydal, àti etí adágún Ullswater, níbi tí òdòdó inú ewì rẹ̀ tó lókìkí jù ti ń hù títí di òní. Owó ni a fi ń wọ ilé náà àti mùsíọ́mù rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni méjì yòókù. Owó náà tó san. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni àyè wà fún, Rydal ni mo máa ní kí ènìyàn lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti pàdé ewì Wordsworth lórí òdòdó daffodil, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó ń yọ nígbà ìrúwé, àwọn kan tilẹ̀ kọ́ ọ sórí láìjẹ́ pé wọ́n fojú kan òdòdó náà rí. Ohun tí olùkọ́ kì í sábà sọ fún wa ni bí ewì náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1802, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sí Grasmere láti Eusemere, ilé Thomas Clarkson, tó wà lẹ́bàá Ullswater. Clarkson yìí ni ó ti rìn káàkiri àwọn èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kó ẹ̀rí jọ lòdì sí òwò ẹrú, òwò tó kó àwọn ènìyàn wa kọjá òkun lọ sí Brazil àti Cuba. Ìyàwó rẹ̀ ló sin àwọn àlejò náà díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó padà sílé. Ọdún 1807 tí ewì náà jáde nínú ìwé ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. N kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì, ṣùgbọ́n fún ọmọ Yorùbá tó bá dúró létí omi yẹn, kò ṣeé gbàgbé pé láti ilé ọkùnrin yẹn ni wọ́n ti ń bọ̀.

Afẹ́fẹ́ líle ń jà lọ́jọ́ náà. Dorothy kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé díẹ̀ ni àwọn kọ́kọ́ rí létí omi, pé bí àwọn ṣe ń lọ ni òdòdó náà ń pọ̀ sí i lábẹ́ igi, àti pé àwọn kan nínú wọn gbé orí lé òkúta bí ẹni tó rẹ̀ ṣe ń gbé orí lé ìrọ̀rí, nígbà tí àwọn yòókù ń jó, tí wọ́n ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, àfi bí ẹni pé wọ́n ń bá afẹ́fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọ ọ́ di ewì. Nínú ewì, òun nìkan ló ń dá rìn. Nínú ìwé àbúrò rẹ̀, àwọn méjì ni. Ìlà méjì tó sọ bí òdòdó náà ṣe ń padà wá sí ojú inú ènìyàn nígbà tó bá dá wà, Mary ìyàwó rẹ̀ ló fún un, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé àwọn ni ìlà tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1815 ó tún ewì náà tò, ó sì fi odidi ẹsẹ̀ kan kún un.

Nítorí èyí ni mo ṣe ní owó ìwọlé náà tó san. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ilé yìí ni ìwé àkọsílẹ̀ Dorothy àti ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìpamọ́, mùsíọ́mù wọn sì ni a ti ń rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rò pé ewì tó ń fúnni nírètí a máa bọ́ sílẹ̀ fún akéwì ní ìṣẹ́jú kan, kó wá wo bí ènìyàn mẹ́ta ṣe lọ́wọ́ nínú ọ̀kan, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe pẹ́ nínú ẹni tó kọ ọ́ kó tó di ewì. Èmi ti ń kọ ewì díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi ti balẹ̀ nípa èyí tí kò tíì parí lọ́wọ́ mi.

Ilé ọtí ni Dove Cottage nígbà kan rí, kí Wordsworth àti Dorothy tó kó wọ ibẹ̀ ní ìparí ọdún 1799. Wọ́n sì gbé ibẹ̀ títí di ọdún 1808. Láti ọdún 1891 ni àlejò ti ń wọ ibẹ̀ wò. Ilé kékeré ni, àjà rẹ̀ kò ga, pákó dúdú ni wọ́n fi bo ògiri yàrá ìsàlẹ̀, nítorí náà bí òjò bá ṣú níta, ojú ní láti dúró díẹ̀ kó tó ríran dáadáa. Omi kan ń ṣàn lábẹ́ òkúta tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, òun ni kì í jẹ́ kí wàrà wọn tètè bàjẹ́. Lókè ni yàrá kan wà tó tutù débi pé Dorothy fi ìwé ìròyìn lẹ gbogbo ògiri rẹ̀ yíká, ìwé ìròyìn ni a sì ń bá lára ògiri náà lónìí. Mo pẹ́ nínú yàrá yẹn ju ibòmíràn lọ. Ó yé mi níbẹ̀ pé òtútù ti bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí fínra gan-an kí wọ́n tó máa yin ìgbà ìrúwé. Ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé dà gẹ̀rẹ́ lọ sókè. Àwọn fúnra wọn ló wú ewéko igbó wá láti orí òkè àti etí omi, tí wọ́n gbìn ín síbẹ̀. Kí ẹni tí orúnkún bá ń dùn rọra gun àtẹ̀gùn ibẹ̀.

Bí a bá rìn wọ inú abúlé, ibojì ìdílé náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì St Oswald, òkúta wọn kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Lẹ́bàá ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń ta bisikíìtì alátalẹ̀ tí Sarah Nelson bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1854. Ata atalẹ̀ inú rẹ̀ ń ta lẹ́nu dáadáa, ó sì dùn.

Láti Grasmere, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba ara òkè lọ sí Rydal. Ọ̀nà pósí ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú gbà láyé àtijọ́ wá sin ní ṣọ́ọ̀ṣì Grasmere. Ẹni tí kò bá yára á rìn ín ní wákàtí kan àti díẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Rydal, ni Pápá Dora wà, tí àjọ National Trust ń tọ́jú. Dora ni ọmọbìnrin Wordsworth. Ọdún 1804 ni wọ́n bí i ní Dove Cottage, nǹkan bí ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ ewì òdòdó náà. Ní oṣù Keje ọdún 1847, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á. Bàbá náà ti pé ẹni ọdún 77, òun ni akéwì àgbà fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ó sì ti sin ọmọ méjì mìíràn rí, Catherine àti Thomas, ní ọdún 1812. Lẹ́yìn ikú Dora, díẹ̀ ló kù kó má kọ ewì kankan mọ́. Ohun tí òun àti ìdílé rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n gbin òdòdó daffodil sínú ilẹ̀ yìí, ilẹ̀ tó ti kọ́kọ́ rà nítorí àtikọ́ ilé sí i. Wordsworth fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1850.

N kò mọ ibòmíràn tí ewì àti ilẹ̀ ti sún mọ́ ara wọn tó báyìí. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀rọ̀ sọ òdòdó di ohun tí ayé ń kà, nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ọkọ́ ló gbé. Pápá náà kò tóbi, ó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, igi rẹ̀ kì í tíì rúwé nígbà tí òdòdó bá yọ, ewé gbígbẹ ti ọdún tó kọjá sì bo ilẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọ̀kan, á rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé gbígbẹ tó ya lọ́rùn rẹ̀, èyí tó fi bo orí nígbà tó ń là jáde nínú ilẹ̀, àti bí ọrùn náà ṣe tẹ̀ kí òjò má baà kún ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ṣáájú ni òdòdó yìí ti wà ní kíkéré nínú gbòǹgbò roboto tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí òtútù kò bá mú un fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, igi rẹ̀ kò ní ga bó ṣe yẹ, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í hù nílẹ̀ wa, níbi tó jẹ́ pé àkọ́rọ̀ òjò lẹ́yìn ọyẹ́ ló ń jí ohun tó sùn sínú ilẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ tù ú nínú, Pápá Dora ni kó wá jókòó sí.

Ní Ullswater, ibi tí wọ́n ń pè ní Glencoyne ni ká wá. Kí ẹni tó ń retí pápá oníwúrà tó lọ títí dín ìrètí rẹ̀ kù, torí òdòdó ibẹ̀ jẹ́ ti igbó, ó kéré sí èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ewé òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àárín rẹ̀ nìkan ló pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó sì ń hù ní ìdì ìdì láàárín gbòǹgbò igi. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka àkọsílẹ̀ Dorothy níbẹ̀ ṣáájú ewì, kí àwọn ọmọ tó bá bá yín lọ gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ wà.

Ìparí oṣù Kẹta sí àárín oṣù Kẹrin ni àsìkò rẹ̀, bí òtútù ọdún náà bá ṣe pẹ́ sí. Ọkọ̀ ojú irin ń dé Windermere láti Oxenholme, bọ́ọ̀sì 555 á sì gbé yín dé Rydal àti Grasmere. Fún Ullswater, bọ́ọ̀sì 508 láti Penrith ni. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, nítorí ẹrẹ̀ pọ̀ ní Rydal. Òfin ọdún 1981 kò gbà kí ẹnikẹ́ni wú ewéko igbó láìgba àṣẹ onílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tiyín, oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ ra gbòǹgbò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gbìn ín jinlẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níta kí òtútù mú un.