Ti ọkọ̀, ti atọ́nà ìlú, tàbí ẹsẹ̀ yín? Ìfiwéra ìjáde sí ìlú láti Southampton dé Rio

Bí ẹ bá sanwó ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbéra ní Southampton lọ sí Bràsíl nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, kò ní pẹ́ tí ìpolówó ìjáde, ìyẹn ìrìn kúkúrú láti inú ọkọ̀ lọ wo ìlú, á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù yín. Funchal ní erékùṣù Madeira ti Pọ́túgà, Santa Cruz de Tenerife ní erékùṣù Tenerife ti Sípéènì, Mindelo ní Cape Verde, Recife, Salvador àti Rio ní Bràsíl: kò síbi tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí tí wọn ò ní bọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti màmá wa rin ọ̀nà yìí. A náwó níbi tí ẹsẹ̀ lásán ì bá ti gbé wa dé, a sì ṣahun níbi tó yẹ ká ti náwó. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tó fẹ́ rà pé kó má ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú èbúté kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ bi ara yín léèrè: ibi tí mo fẹ́ rí, báwo ló ṣe jìnnà sí ọkọ̀ tó? Bí mo bá pẹ́, kí ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀?

Ohun tí ẹ ń fi owó yín rà

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè ra èyí tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà: bọ́ọ̀sì á ti dúró dè yín lẹ́nu èbúté, bí ogójì èèyàn á wọ̀ ọ́, atọ́nà á gbé pátákó nọ́ńbà sókè, ẹ ó máa tẹ̀ lé e. Ẹ lè bá atọ́nà tàbí awakọ̀ ìlú dúnàádúrà fúnra yín. Ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ wọ takisí tàbí bọ́ọ̀sì bí ọmọ ìlú.

Ti ọkọ̀ ló sábà máa ń wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé iṣẹ́ ìlú yẹn náà ni ọkọ̀ ń gbé iṣẹ́ fún. Ìdúró ni ẹ ń fi owó tó lé lórí rẹ̀ rà. Bí bọ́ọ̀sì ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n mọ̀ pé èèyàn àwọn ló wà nínú rẹ̀, wọn á dúró. Bí wọn ò bá sì lè dúró, àwọn ni yóò ṣètò bí ẹ ó ṣe bá ọkọ̀ ní èbúté tó kàn. Bó bá jẹ́ awakọ̀ tí ẹ wá fúnra yín ló pẹ́, ọkọ̀ á ṣí, owó ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ó fi lé e bá sì di ti ara yín. Ohun kejì: bí ìjì bá ní kí ọkọ̀ má gúnlẹ̀ rárá, ọkọ̀ á dá owó ìjáde rẹ̀ padà. Ẹ bi atọ́nà tí ẹ wá fúnra yín bóyá òun náà á dá a padà, kí ẹ tó sanwó, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pe ìjáde kan ní 80 dọ́là lórí ẹnìkan, ẹ̀yin mẹ́rin ti di 320. Takisí kan gba ẹ̀yin mẹ́rin, owó kan náà sì ni, yálà ẹ pé mẹ́rin tàbí ẹ̀yin nìkan ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ti atọ́nà ìlú ṣe ń dínwó tó. Ẹni tó dá rìnrìn àjò lè rí i pé ti ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju takisí tó máa dá san.

Agogo ọkọ̀ sì ni kí ẹ máa wò, ẹ má fọkàn tán ti fóònù, torí fóònù máa ń yí padà sí ti ìlú tí ẹ bá dé. Cape Verde fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, Recife fi mẹ́ta rẹ̀yìn, àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀ ló sì ń pinnu ìgbà tí agogo inú ọkọ̀ máa yí.

Funchal: orúnkún yín ni kí ẹ bi

Láti ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, ẹ lè fẹsẹ̀ rin etí òkun dé àárín ìlú láàárín bí ìdajì wákàtí. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn wáyà wà níbẹ̀ tó máa gbé yín gòkè lọ sí Monte láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sì lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra yín. Láti Monte ni àwọn èèyàn ti ń wọ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ igi méjì, tó ń yọ̀ lórí ọ̀dà títì bọ̀ nísàlẹ̀. Ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ funfun, tó dé fìlà koríko, ló ń darí rẹ̀. Màmá wa wo bàtà wọn lọ́wọ́ ẹ̀yìn títí: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó nípọn, òun ni búrẹ́kì.

Ibi tí owó ti ń jò nìyí: apẹ̀rẹ̀ yẹn kì í gbé yín dé ìsàlẹ̀ ìlú. Lẹ́yìn bíi kìlómítà méjì, ó parí sí Livramento, lórí òkè náà síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ọkọ̀ á ti máa dúró de àwọn tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó dá wá á dúnàádúrà pẹ̀lú onítakisí tó mọ̀ pé kò níbòmíràn tó máa lọ, tàbí kó fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú títì tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí orúnkún yín bá dáa, ẹ dá lọ. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà dání, ẹ ra ti ọkọ̀.

Tenerife: níbi tí a ti ṣahun

Teide ga tó 3,715 mítà, kò sí òkè tó ga tó o ní Sípéènì, ó sì ju wákàtí kan lọ sí èbúté Santa Cruz. Awakọ̀ kan tí a pàdé lẹ́nu èbúté ló gbé wa lọ ní owó tí ò tó ìdajì ti ọkọ̀. Inú wa dùn àfi ìgbà tí a ń bọ̀ tí mọ́tò méjì kọlu ara wọn níwájú wa, tí ọ̀nà sì dí pa. Màmá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù, ẹ̀gbọ́n mi ń wo agogo, èmi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nítorí èmi ni mo ní ká má ra ti ọkọ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ká tó wọlé. Fún Teide, ẹ ra ti ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìjáde tó ń jẹ́ “Teide” kò ju inú ọgbà ìjọba tó yí òkè náà ká lọ. Ọkọ̀ orí wáyà tó ń gòkè dé 3,555 mítà kò sí nínú owó wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá sì le, wọn a máa tì í. Ẹni tí àyà tàbí èémí ń yọ lẹ́nu, kó má gòkè dé ibẹ̀.

Bí Teide ò bá jẹ yín lógún, ẹ wọ tíráàmù láti Santa Cruz lọ sí La Laguna, ìlú àtijọ́ tí UNESCO ti kà mọ́ ogún àgbáyé láti 1999. Owó rẹ̀ kéré, ẹ ò sì nílò ẹnikẹ́ni.

Mindelo: ẹ má jìnnà

Ìlú Cesária Évora rèé, olórin tí kì í wọ bàtà lórí ìtàgé, tó kú ní 2011. Ìlú náà ò jìnnà sí ọkọ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀: ọjà ẹja, etí òkun, àwọn ilé aláwọ̀ mèremère. Ẹ bèèrè cachupa. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n fi ń sè é, ẹni tó bá jẹ àdàlú dàgbà á mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Èmi ò ní gbé mọ́tò lọ síbi tó jìnnà níbí, ìbáà ṣe ti ta ni. Láti Mindelo, òkun nìkan lẹ ó máa rí fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀ ní Funchal lè bá a ní Tenerife. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ ní Mindelo, Bràsíl ló máa lé e dé.

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Cape Verde wà nínú ECOWAS, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ò nílò físà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù yẹn kan náà nílò físà Schengen fún Funchal àti Tenerife, ó sì nílò ti Bràsíl. Bí ọ̀kan bá dín, ọkọ̀ lè má jẹ́ kí ẹ wọlé ní Southampton rárá, ẹ̀ báà ní ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó ronú nípa ìjáde kankan.

Recife àti Rio, ní ṣókí

Ní Recife, ẹ wá takisí lọ sí Olinda, ìlú àtijọ́ kan, kò jìnnà. Ẹ má wẹ̀ ní etí òkun Boa Viagem. Pátákó ìkìlọ̀ ẹja ṣáàkì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe eré.

Ní Rio, ère Jésù lórí Corcovado máa ń ní èrò, nítorí náà ti ọkọ̀ dáa fún ẹni tí àkókò rẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́ọ̀sì tí ẹ nílò fún Valongo, èbúté àtijọ́ kan. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti èbúté ọkọ̀. Òkúta tí wọ́n fi tẹ́ etíkun náà ṣì wà nílẹ̀. UNESCO ní bí 900,000 ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbabẹ̀ wọ Gúúsù Amẹ́ríkà. A dúró síbẹ̀, a ò lè sọ̀rọ̀.

Salvador: ibi tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́yìn

Bí owó ìjáde kan ṣoṣo lẹ bá ní, ẹ tọ́jú rẹ̀ de ibí, kí ẹ sì fún atọ́nà ìlú tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ti ọkọ̀ tí a rà gbé wa yí Dique do Tororó ká, adágún tí ère àwọn òrìṣà dúró lójú omi rẹ̀. Láti ojú fèrèsé la ti rí Ọ̀ṣun àti Yemọja. Atọ́nà ń ka orúkọ wọn bí ẹni ń ka nọ́ńbà ilé, bọ́ọ̀sì ò dúró.

Atọ́nà tó mọ ilé òrìṣà lè bá yín tọrọ ààyè láti wọ Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, tó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ọgbà rẹ̀. Casa Branca náà wà, ilé òrìṣà tí ìjọba Bràsíl kọ́kọ́ kà mọ́ ogún ilẹ̀ wọn ní 1984. Òru ni ọdún òrìṣà sábà máa ń wáyé, ọkọ̀ á sì ti ṣí nígbà náà, nítorí náà àbẹ̀wò lásán lẹ ó ṣe. Ẹ wọ funfun, ẹ má wọ dúdú. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé “àgò” kí wọ́n tó wọlé, ẹ ò sì ní nílò ògbufọ̀.

Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́, ni ibi tí wọ́n ti fún wa ní ogójì ìṣẹ́jú. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun olójú wẹ́wẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ó ń fi igi po ẹ̀wà lílọ̀, ó ń bù ú sínú epo pupa tó ń hó. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ìlà gùn. Nígbà tó kan màmá wa, atọ́nà gbé pátákó sókè, a ní láti lọ.

Ìgbà tí a padà sínú ọkọ̀ la wò ó pé ìlú náà wà lókè orí wa níbẹ̀. Ẹ rin bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti èbúté dé Elevador Lacerda, lífítì tó ti ń gbé èèyàn láti 1873, tó ga tó 72 mítà. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ẹ ti dé òkè, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ẹ bọ́ góòlù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ṣá, kí ẹ sì rìn níbi tí èrò wà. A padà lọ bá obìnrin náà. Ó la àkàrà náà láàárín, ó ki ilá àti edé sí i. Màmá wa kọ́kọ́ gé etí rẹ̀ jẹ, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, ó di ojú. “Ẹ̀wà náà ni,” ló wí. Ó ra mẹ́ta sí i.