Ìwé ìrántí àwọn àgbà wa tá a tẹ̀ l'Érúwà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ ìwé ìrántí ní Ìbàràpá, ẹ má tíì sáré lọ Ìbàdàn o. Ìdèrè ni wá, gbogbo àwọn àgbà tó kú lọ́dún tó kọjá la fẹ́ kó sínú ìwé kan, kì í ṣe olówó nìkan, àtàgbẹ̀ àtìyá elélùbọ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan l'Érúwà ló ṣe é. Fọ́tò tíkán ti jẹ létí, wọ́n tún un ṣe débi pé ẹ ó rí ilà ojú bàbá kedere, wọ́n sì fàmì ohùn sí oríkì, èyí táwọn atẹ̀wé míì ò ní ráyè ẹ̀. Ìyá kan wà ńbẹ̀, nígbà tí sòbìyà, aràn inú omi tó ń gba ẹsẹ̀ yọ, ń dààmú Ìdèrè òun ló ń kiri ojúlé kọ́ wa bá a ṣe ń faṣọ sẹ́ omi adágún, kó tó di pé WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ojú ìwé méjì gbáko ni wọ́n fún màmá, ó tọ́ sí wọn jàre. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé ni ò dáa, ewé ti ń já. Owó ẹ̀ ò wọ́n ṣá. Ẹ ní kí wọ́n fi pín-ìn-nì kàn án.