Mítà yẹ́lò tí mo fi tẹ́ẹ̀sì kọ́ìlì Camry Orobo mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa mọ́tò àtijọ́ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ra mítà kan tí wọ́n fi ń wọn iná sínú mọ́tò yín. Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti ra tèmi, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe, 6,000 náírà, yẹ́lò kékeré kan báyìí tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bátìrì 9 volt ló ń lò.

Camry Orobo 1994 ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìnnì 2.2 tó ń lo dísítíríbútọ̀ (òun ló ń pín iná kọ́ìlì fún pulọ́ọ̀gì), kọ́ìlì ẹyọ kan ló ń fún pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iná. Tí mo bá ti kó sí gósíló lórí Third Mainland tí oòrùn sì mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì, á wá kú. Tí mo bá dúró bí ogún ìṣẹ́jú, á tún stáàtì bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Ríwáyà ní pulọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ ẹ̀, ó ní wáyà pulọ́ọ̀gì ni, a tún pààrọ̀ ìyẹn, ìgbà tó wá dé orí fúẹ́ẹ̀lì pọ́ńpù ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ n fojú ara mi rí i.

Mo pa mọ́tò, mo yọ gbogbo wáyà ara kọ́ìlì, torí tí iná bá ṣì wà níbẹ̀ mítà lè jóná. Mo yí i sí 200 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà), mo fi ẹnu wáyà pupa kan ti dúdú, ó kọ 0.3, ti wáyà mítà fúnra ẹ̀ nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí. Mo wá fi kan ẹsẹ̀ kékeré méjèèjì ara kọ́ìlì, ó kọ 0.8, ó já sí 0.5 nìyẹn, ìwé mọ́tò sì ní 0.36 sí 0.55 tó bá tutù. Mo yí i sí 20k, ẹgbẹ̀rún ohm ló ń kà níbẹ̀, ẹnu kan lára ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù, èkejì nínú ihò tí wáyà ńlá ń wọ̀, 12.4. Ìwé ní 9 sí 15.4. Kọ́ìlì dáa nìyẹn, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló tún kú, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ sí Adéníji. A tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sí bónẹ́ẹ̀tì, kọ́ìlì gbóná débi pé mi ò lè gbọ́wọ́ lé e. Mo yọ wáyà ẹ̀, mo gbé mítà sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré ṣì dáa, àmọ́ nínú ihò yẹn, "1" nìkan ló kọ sápá òsì, kò sí nǹkan míì lójú ẹ̀. Wáyà inú kọ́ìlì ti já nìyẹn. Mi ò gbé mítà kúrò. Nígbà tó ṣe, bó ṣe ń tutù, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó fò lọ ó fò bọ̀, ó wá dúró sí 12.9. Ooru ló ń ya wáyà yẹn nínú, tó bá tutù á tún fẹnu kanra! Inú mi dùn débi pé mo pariwo lórí bíríìjì. Torí náà ẹ má fi ti tútù nìkan ṣèdájọ́ kọ́ìlì, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tára ẹ̀ bá gbóná.

Mo gbé mítà dání lọ sí Ládìípọ̀. Ọmọ tó ń tà á kó kọ́ìlì tòkunbọ̀ mẹ́rin sílẹ̀, ó ti nù wọ́n, wọ́n ń dán. Ó kọ́kọ́ fajúro, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a kì í tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ níbí, ẹ gbé e lọ, tí ò bá ṣiṣẹ́ ẹ gbé e padà." Mo bẹ̀ ẹ́. Méjì kọ 1 ní tútù wọn. Òun fúnra ẹ̀ ló tún ní kí n bá òun wo àwọn tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ra èyí tó kọ 11.8, láti oṣù mẹ́rin mọ́tò ò kú mọ́.

Àléébù ẹ̀: wáyà ẹ̀ tín-ín-rín jù, ọ̀kan ti fẹ́ já nídìí, téèpù iná ni mo fi wé e. Ojú ẹ̀ ò tan iná, alẹ́ le. Fún ẹsẹ̀ kékeré tí nọ́ńbà ẹ̀ ò tó 1, kò fi bẹ́ẹ̀ péye. Mítà lásán sì nìyẹn, tí iná bá ń jò lára kọ́ìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kò lè rí i. Kọ́ìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń jókòó lórí pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan bíi ti Corolla, ẹ̀rọ ti wà nínú ẹ̀, ẹ ò lè wọ̀n ọ́n báyìí. Ẹ má sì fi mítà kan ihò wáyà ńlá yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ o, iná ibẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt.

Bátìrì nìkan ni mo ṣì pààrọ̀ nínú mítà yìí.