Fíríìjì gáàsì àbí fíríìjì ilé nínú bọ́ọ̀sì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ bọ́ọ̀sì di ilé, ẹ gbọ́ o. Fíríìjì gáàsì tó bá tèmi wá kì í pariwo rárá, iná kékeré ló ń mú àmóníà, kẹ́míkà inú páìpù ẹ̀yìn ẹ̀, gbóná tó fi ń tutù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá páàkì síbi tó dagẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àmóníà yẹn ò ní ṣàn dáadáa mọ́, tí oòrùn Òṣogbo bá tún wá mú, ẹja tí mo rà l'Ọ́jà Ọba ti ń rùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fíríìjì ilé ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná mú un tutù, ó tètè ń tutù. Bátìrì ni wàhálà ẹ̀: ó fẹ́ ínfátà, ó fẹ́ sólà, kẹ́ ẹ sì de ilẹ̀kùn ẹ̀ o, gálọ́ọ̀pù kan péré, tòmátì ti dà sílẹ̀.

Èmi ti yọ ti gáàsì.