Ètò ìlera HMO tí a rà fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì wa ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, tí àwọn tó ń ta ètò HMO (ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera tó ń gbowó ọdọọdún láti fi sanwó ìtọ́jú) ń wá kí yín ní ọ́fíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ilé búrẹ́dì ni tiwa, ọ̀nà Ìjókà la wà. Èmi ni mo ń bójú tó owó oṣù àti ọ̀rọ̀ ìlera àwọn òṣìṣẹ́. Òfin NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, ti ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ọ̀gá wa wá ní kí n wá èyí tí apá wa ká. Ti ilé-iṣẹ́ kan tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà l'Ékòó la rà, ₦45,000 lórí òṣìṣẹ́ kan lọ́dún àkọ́kọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ti ka ìwé ètò àwọn mìíràn mọ́ tiwọn, àléébù tí mo fẹ́ sọ yìí sì wà nínú gbogbo èyí tí mo kà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó wa ti ṣiṣẹ́. Ibà, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, kí iná ààrò jó ẹnìkan lọ́wọ́, gbogbo ìyẹn ni wọ́n tọ́jú láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, HMO sanwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọkọ rẹ̀ ò sá kiri tọrọ owó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún èyí. Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ tí HMO ń fún ilé ìwòsàn, ló máa ń dá wa dúró. Bí dókítà bá ní kí èèyàn lọ ya X-ray tàbí kó lọ rí dókítà àgbà, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba kóòdù lọ́wọ́ HMO ná. Ìgbà mìíràn á dé kíákíá, ìgbà mìíràn èèyàn á jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán níwájú ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì HMO, á máa wí pé, "Ẹ ṣe sùúrù, mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Mo lè fara da ìyẹn. Ọ̀rọ̀ sísanrajù ni mi ò lè fara dà.

Awakọ̀ wa ló ń gbé búrẹ́dì lọ sí Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó ní ìdájí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sanra gan-an, àwọn èèyàn a sì máa yìn ín pé ayé ń jẹ ẹ́. Bó bá sùn lórí àpò ìyẹ̀fun ní ọ̀sán, á hanrun títí, lójijì kẹ́kẹ́ á pa, àyà mi á já, kó tó wá mí kanlẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa fi rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí ọmọkùnrin tó ń bá a já ọjà wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ó ní, "Anti, bọ̀dá ti ń tòògbé lórí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ o."

Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ sórí káàdì rẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ga, wọ́n kọ amlodipine fún un, ó di ilé. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n. Èmi fúnra mi bá a padà lọ, mo rí sikéèlì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: páálí dírípù ni wọ́n tò lé e lórí.

A bá ní kí HMO yí ilé ìwòsàn rẹ̀ padà sí kékeré kan ní Òkè-Àró. Níbẹ̀ la ti pàdé nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ bọ́ bàtà, ó wọ̀n ọ́n: kílò 110. Ó wọn gíga rẹ̀: mítà 1.70. Ó wá fi bírò ṣírò rẹ̀ sórí páálí oògùn kí ọkùnrin náà lè rí i: 1.70 lọ́nà 1.70 jẹ́ 2.89, ó fi 2.89 pín 110, ó di 38. Ó ní láti 25 ni ìwọ̀n ti ń kọjá ààlà, láti 30 ni àwọn dókítà ti ń pè é ní àrùn sísanrajù. Ó tún fa téèpù yọ, ó yí i po ikùn rẹ̀, ó ní torí pé ẹni tó ń gbé àpò ìyẹ̀fun lè wúwo nítorí iṣan, téèpù ló máa fi hàn bóyá ọ̀rá inú ikùn ni. Fún ọkùnrin, bó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún obìnrin, 80. Kò bú u, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó béèrè irú oúnjẹ tó ń jẹ àti ìgbà tó ń jẹ ẹ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti ọ̀dọ̀ HMO ní kí èèyàn máa jẹ apple àti oat. Nọ́ọ̀sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bọ̀dá, ará Àkúrẹ́ ni yín, mi ò ní kí ẹ má jẹ iyán. Ẹ jẹ́ kó mọ bí ìkúùkù yín, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ, ẹ má jẹ ẹ́ lálẹ́ mọ́, kí ẹ sì fi mínírà sílẹ̀ pátápátá." Mínírà ni awakọ̀ fi ń lé oorun lójú ọ̀nà.

Dókítà ibẹ̀ ní èémí rẹ̀ ló ń dá dúró lójú oorun, torí ọ̀rá ọrùn ń dí ọ̀nà ọ̀fun, ìdí nìyẹn tí kì í fi sùn dáadáa lóru tó fi ń tòògbé lọ́sàn-án. Ó kọ̀wé pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò oorun. HMO ní rárá, kò sí nínú ètò wa. Mo bá ṣí ìwé wọn sí ojú ewé ohun tí wọn kì í sanwó fún. "Ìtọ́jú sísanra àti dídín ìwọ̀n ara kù" wà níbẹ̀, àárín iṣẹ́ abẹ ẹwà àti fífọ eyín funfun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó lè kú sórí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tò mọ́ ẹni tó ń wá eyín funfun. Ó dùn mí wọra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó náà ṣe ń rìn, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni kò mọ̀. HMO ń san iye kan pàtó fún ilé ìwòsàn lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ẹni náà ìbáà wá, kò báà má wá. Iṣẹ́ abẹ, X-ray àti dókítà àgbà ni wọ́n ń san lọ́tọ̀. Ta ni yóò wá sanwó fún nọ́ọ̀sì láti fi odidi ìdajì wákàtí bá èèyàn sọ̀rọ̀ iyán? Kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n bí sísanra yẹn bá di ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á san oògùn. Bó bá di àtọ̀gbẹ, wọ́n á san metformin, títí owó tí wọ́n dá fún oògùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ á fi tán. Orúnkún tó ti jẹ kù, wọ́n á ya X-ray rẹ̀. Bó bá wá di rọpárọsẹ̀, ibi tí ètò wọn mọ ò jìnnà mọ́. Ẹbí àti ilé-iṣẹ́ ló kù.

Nígbà tí a fẹ́ tún ètò náà san, wọ́n mú un wá sí ₦62,000. Wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ ló kó owó jẹ. Lóòótọ́, oògùn ti gbówó lórí látìgbà tí náírà ti ń já wálẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ apoògùn GSK sì ti kéde lọ́dún 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn ló ń kọ̀ láti sanwó fún ohun tó ń bí àrùn wọ̀nyẹn, àwọn náà ló ń bù ú lé wa lórí nígbà tó bí wọn tán.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń gba adójútòfò ìlera lọ́wọ́ ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́, CDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé ìtọ́jú àgbàlagbà kan tó sanra jù fi $1,861 lọ́dún ju ti ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ wà déédéé lọ. Lápapọ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù 173 dọ́là lọ́dún, ní iye owó ọdún 2019. Abẹ́rẹ́ Wegovy tó ń dín ìwọ̀n ara kù, tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ lọ́dún 2021, iye tí wọ́n kọ sí i nígbà tó jáde lé ní $1,300 lóṣù kan. Ètò ìlera òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ North Carolina dáwọ́ sísan irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún dídín ara kù dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nítorí owó. Ilé búrẹ́dì ní Ìjókà ò lè dábàá rẹ̀ rárá, mi ò sì béèrè rẹ̀. Ohun tí mò ń béèrè kéré. Ìwádìí Diabetes Prevention Program tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2002 kó àwọn tí àtọ̀gbẹ fẹ́ mú jọ: oúnjẹ, rírìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ déédéé, kí ìwọ̀n ara fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Metformin nìkan, ìdá 31. Ìdá 7 lára awakọ̀ wa ò tó kílò mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì, sikéèlì àti téèpù ni gbogbo ohun tó gbà.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan sọ níwájú mi pé ọ̀nà àbáyọ ni kí a má gba ẹni tó sanra síṣẹ́ mọ́. Mo bá a jiyàn gan-an, màá sì tún bá a jiyàn. Awakọ̀ yìí ti gbé búrẹ́dì wa la òjò àti ọ̀nà tó bàjẹ́ kọjá. Iṣẹ́ òru àti oúnjẹ àjẹsáré wà lára ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ojú ewé ohun tí wọn kì í san hàn yín ṣáájú ojú ewé tó ní àwòrán. Ẹ béèrè bóyá àyẹ̀wò ọdọọdún ní ìwọ̀n ara, téèpù ikùn àti HbA1c nínú, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ti rí fún bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ béèrè iye tí oògùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ lọ́dún. Kí ẹ sì lọ wo sikéèlì ilé ìwòsàn náà fúnra yín.

Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ ló ń san nọ́ọ̀sì Òkè-Àró kó máa wá wo gbogbo wa lóṣooṣù, omi la sì ń gbé fún àwọn aṣiṣẹ́ òru dípò mínírà. Awakọ̀ ń já búrẹ́dì láàárín ìgboro, láti Ọjà Ọba dé Alágbàká. A gba ẹlòmíràn fún ọ̀nà Ọ̀wọ̀, owó oṣù rẹ̀ ò sí nínú ìwé ìdíyelé HMO kankan. Wọ́n ti gbà láti fi ìwọ̀n ara àti ṣúgà sínú àyẹ̀wò ọdún tó ń bọ̀. Àyẹ̀wò oorun, wọn ò tíì dáhùn. Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn.