Àlóè ẹlẹ́gùn-ún tí mo rà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí níbi tí mo ti ra àlóè iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ta òdòdó létí títì ni, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. ₦6,000 ló pè é, mo ná an dé ₦4,500. Bàbá ní àlóè fẹ́rà ni. Irọ́ o! Aloe ferox ni, àlóè inú igbó ilẹ̀ South Africa àti Lesotho.

Ẹ̀gún rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ó pupa rúsúrúsú, ó tò sí etí ewé bí eyín ayùn, òmíràn tiẹ̀ hù sójú ewé. Ó ti ya àdìrẹ mi lẹ́ẹ̀mejì. Igi kan ṣoṣo ló máa ń ní, kì í sábà pa ọmọ sídìí bíi ti fẹ́rà, torí náà ẹ má bẹ̀ mí ní ọmọ rẹ̀. Nílé rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó lè ga tó mítà 2 sí 3, ewé gbígbẹ á wé mọ́ ara igi náà bí agbádá. Òdòdó rẹ̀ a máa pọ́n bí iná. Tèmi ò tíì yọ ọ̀kankan.

Omi rẹ̀ korò burúkú. Oògùn ìyàgbẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe, ẹ má fún ọmọdé.

Amọ̀ ni bàbá fi gbìn ín, òjò oṣù kẹfà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbòǹgbò rẹ̀ rà. Yanrìn odò ló gbà á là.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5: ewéko bàbá le dáadáa, ẹnu rẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́kàn lé.